Adájọ́ Tó Yẹra fún Ohùn Aránṣọ

Bàtà ló kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà: bàtà dúdú tó ń dán yinrin, ṣùgbọ́n tí okùn ọ̀kan dúdú, tí okùn èkejì pupa. Abẹ́ aṣọ ló ti ń wò ó. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi irin gbọọrọ tí wọ́n ń fi kọ́ aṣọ àwọn oníbàárà, ni Aránṣọ há ara rẹ̀ sí láàárín kóòtù àti kaba, fóònù lọ́wọ́, tó ń rọra sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ bí ọmọdé tó ń ṣe bojúbojú.

"Ẹ ǹlẹ́ o! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé kò sí ènìyàn nílé ni?"

Ọwọ́ kan yọ jáde láàárín kaba méjì, ó ju ara rẹ̀ fìrì pé kí ẹni náà dákẹ́. Bàtà méjèèjì dúró gbagidi.

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn náà béèrè, ó ti wá di wúyẹ́wúyẹ́, "ta ni ọwọ́ yẹn ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Nígbà tó jáde tòun ti fọ́nrán òwú lórí irun, ó wá rí ìyókù rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ga, tó tinrín, tó di ṣòkòtò kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ojú ń tì í, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ìtìjú náà. Ká má parọ́, kì í ṣe irú ọkùnrin tí obìnrin máa ń tìtorí ẹwà rẹ̀ kọsẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn wu Aránṣọ.

"Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń bá aṣọ sọ̀rọ̀ ni."

"Èmi kì í bá aṣọ sọ̀rọ̀. Aṣọ ló ń gba ohùn mi mọ́ra kó má baà dún bí ẹni wà nínú àgbá. Pọ́díkáàsì ni mò ń ṣe."

"Nínú aṣọ àwọn oníbàárà?"

"Nípa aṣọ àwọn oníbàárà."

Ta Ló Ni Aṣọ Yìí? ni orúkọ ètò náà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé aṣọ wá pé kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n tú u sílẹ̀, Aránṣọ á bi í léèrè ìtàn aṣọ náà, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á sì gbé e sórí ayélujára kí ẹni tó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìtàn opó kan ló ń parí. Obìnrin náà gbé kóòtù ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá pé kí wọ́n gé e mọ́ òun lára. Ó ní, "Àmọ́ ẹ jẹ́ kí èjìká rẹ̀ ṣì tóbi díẹ̀. Kí n lè máa rántí pé òun ló ni ín."

Nígbà tí Aránṣọ wá ń tún ohùn náà tò, ó dé ibi tí àlejò oníṣòkòtò ti ń kígbe. Ó fẹ́ gé e sọ nù. Ó tún un gbọ́, ó tún un gbọ́ sí i, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Opó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ tó lọ, ohùn ọkùnrin wá ń béèrè bóyá kò sí ènìyàn nílé. Ó dùn ún gbọ́ ju bó ṣe lè ṣàlàyé lọ.

Ògbufọ̀ ni ọkùnrin náà nílé ìwòsàn. Òun ló máa ń dúró láàárín dókítà àti aláìsàn tí kò gbọ́ èdè ara wọn.

"Bí dókítà bá sọ ọ̀rọ̀ tó le," ó ṣàlàyé fún Aránṣọ, "èmi ni mò ń gbé e dé etí aláìsàn. Bí aláìsàn bá sì bú dókítà, mo máa ń bu omi díẹ̀ là á."

Ó gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Kò pẹ́, ó padà wá, bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ kan ti já. Nígbà tó tún yá, bọ́tìnì mìíràn tún já. Aránṣọ á gán an, Ògbufọ̀ á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ìyá Aránṣọ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, nítorí kò sígbà tí píìnì kì í sí lẹ́nu rẹ̀; orúnkún sì ń dùn ún, ìrìn rẹ̀ kì í yá.

"Bọ́tìnì ọkùnrin yìí," ó sọ lọ́jọ́ kan, "ṣé jíjá ló ń já ni àbí sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé e?"

"Màmá!"

"Ojú mi ò tíì fọ́. Òwú tó bá já fúnra rẹ̀ kì í tẹ́jú báyẹn."

Màmá kò kórìíra Ògbufọ̀. Ohun tí kò fẹ́ràn ni ọ̀rọ̀ inú fóònù yẹn. Lójú tirẹ̀, ẹnu kì í rán aṣọ. Ó ní àbúrò obìnrin kan nílùú kejì tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, tó ń wá ẹni tó lè gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ó sì ti pinnu pé ọmọ òun ló máa lọ. Tìyá tọmọ fà á títí, kí wọ́n tó fẹnu kò. Ìdíje pọ́díkáàsì ńlá kan ń bọ̀ tí ilé iṣẹ́ rédíò gbé kalẹ̀, oríṣiríṣi èdè ni wọ́n á fi ṣe é. Bí Aránṣọ bá gba ipò kìíní, rédíò á fún un ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ àti àyè tirẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, Màmá ò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá gbà á, kó di ẹrù rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Àǹtí.

"Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà, mà."

Ìtàn opó ló fi ránṣẹ́. Kò sọ gbogbo rẹ̀ fún Ògbufọ̀, nítorí ojú á tì í bí kò bá borí. Ó kàn sọ fún un nígbà tí wọ́n jọ ń mu tíì níwájú ṣọ́ọ̀bù pé, "Ibì kan wà tí mo fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí. Tí wọ́n bá gbà á, mo wà níbí. Tí wọn ò bá gbà á, ìlú kejì ni mò ń lọ."

"Ṣé ibẹ̀ jìnnà?"

"Ó jìnnà ju ibi tí bọ́tìnì lè gbé yín dé lọ."

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń bá gbogbo ayé rí ọ̀rọ̀ sọ kò rí tirẹ̀ sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dédé dá ẹsẹ̀ dúró. Kò wá, kò pè. Aránṣọ ń wo ojú ọ̀nà, ó ń bínú sí ojú ara rẹ̀ tó ń wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ wínníwínní, fóònù dún. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di aṣọ mú.

"Màmá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta."

"Ẹ káàsán o. Akọ̀wé ìdíje pọ́díkáàsì ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni Ta Ló Ni Aṣọ Yìí?"

"Èmi ni o!"

"Ẹ kú oríire. Ẹ ti wọ àṣekágbá."

Aránṣọ pariwo. Màmá yọ píìnì kúrò lẹ́nu, ohun tí kì í sábà ṣe.

"Bó ṣe máa rí rèé," Akọ̀wé ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìdajì máàkì wà lọ́wọ́ àwọn adájọ́, ìdajì wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú tó máa fi fóònù dìbò. Nọ́ńbà fóònù kan, ìbò kan. Àwọn adájọ́ ò mọ orúkọ yín, nọ́ńbà iṣẹ́ yín nìkan ni wọ́n rí. Gbogbo wọn kọ́ ló gbọ́ èdè yín, ìtumọ̀ orí ìwé ni wọ́n á máa kà bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi adájọ́ kan tó gbọ́ èdè kọ̀ọ̀kan sáàárín wọn, kó lè sọ ohun tí ìwé ò lè gbé fún wọn. Àwàdà, òwe, bí ohùn ṣe lọ sókè tó sọ̀ kalẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Àmọ́..." Akọ̀wé wúkọ́. "Adájọ́ tó gbọ́ èdè yín ti yẹra fún iṣẹ́ yín. Òfin sì ní ká sọ ìdí rẹ̀ fún yín, bóyá ẹ ní nǹkan í sọ sí i."

"Kí ni mo ṣe fún un?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún un. Ó ní bóun ṣe ń gbọ́ iṣẹ́ náà, òun bá ohùn ara òun pàdé níbẹ̀, tóun ń kí yín kú iṣẹ́. A ní ìyẹn ò tó nǹkan, kó máa báṣẹ́ lọ. Ó ní rárá." Ó tún wúkọ́, ṣùgbọ́n ó jọ ẹ̀rín. "Ó ní òun nífẹ̀ẹ́ ẹni tó ṣe é, àti pé òun ò tíì sọ fún un."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó wo fóònù, ó súnmọ́ fóònù náà.

"Akọ̀wé, ṣé okùn bàtà rẹ̀ kì í bára mu?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyẹn?"

"Ìyá rẹ̀ ni."

"Ẹ káàsán, mà. A ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Aránṣọ kò lè rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ ń jó lápá kan àyà rẹ̀, ìbínú ń gbóná lápá kejì. Ọkùnrin tó ti ń dúró dè nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan tó sì kọ́kọ́ fi ìfẹ́ náà ṣe ni pé ó mú etí kan ṣoṣo tí ì bá gbọ́ ọ yé kúrò láàárín àwọn adájọ́. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ta ni yóò wá sọ fún wọn bí ohùn opó yẹn ṣe rí?

Ó mú agboòrùn, ó di ilé ìwòsàn. Ó bá Ògbufọ̀ nígbà tó ń jáde nínú yàrá aláìsàn kan.

"Ẹ nífẹ̀ẹ́ mi?"

Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dẹsẹ̀ dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta."

"Síta ṣe kí ni? Ìgbìmọ̀ ti gbọ́. Akọ̀wé gbọ́. Màmá mi gbọ́. Nọ́ọ̀sì náà sì ti gbọ́ báyìí. Èmi tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ ni àgbọ́kẹ́yìn!"

Ògbufọ̀ fà á rọra lọ sábẹ́ òrùlé ìta, níbi tí òjò ti ń kán tó-tó-tó.

"Iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mò ń ṣe ni rédíò fi pè mí sáàárín àwọn adájọ́. Wọn kì í jẹ́ kí adájọ́ bá ẹni tó ń díje sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wá. Ó wù mí kí n wá."

"Ẹ mọ̀ pé tí mi ò bá borí, mò ń lọ."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dìde kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi?"

Ògbufọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo gbé bírò láti fún yín ní máàkì. Mo wá rí i pé kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe níbẹ̀ tí mi ò ní fún yín ní gbogbo rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn wúkọ́, máàkì ni. Ṣé ìdájọ́ nìyẹn? Àwọn tó kù náà ní ìyá. Wọ́n ní ibi tí wọn ò fẹ́ lọ."

Òótọ́ ni, òótọ́ sì korò. Ìyẹn gan-an ló tún mú inú bí Aránṣọ sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ yín o," ó ní, ó ṣí agboòrùn, ó lọ.

Ìdìbò bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, Aránṣọ ń rán aṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá kígbe "Ẹ kú iṣẹ́ o" lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ á yí, á sì rí i pé oníbàárà lásán ni. Kò tún ní ìfẹ́ sí àtiwọ àárín aṣọ lọ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí Akọ̀wé tún pè, ohùn rẹ̀ kò lẹ́rìn-ín nínú.

"Ìbò rẹpẹtẹ ló wọlé fún yín láti orí nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ti kó o dànù, ọ̀kan la kà. Àmọ́ a fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà. Tó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí, ọ̀ràn ò kàn yín. Tó bá jẹ́ ẹni yín, a máa yọ nínú máàkì ìbò yín."

Ó ka nọ́ńbà náà jáde. Fóònù ṣọ́ọ̀bù ni. Aránṣọ gbójú sókè, ó rí Màmá tó ń mi orí sí i, tó ń fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́ pé, sọ pé o ò mọ̀ ọ́n.

Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló máa dá a dúró nílé. Aránṣọ gbé e wò. Ó rántí ọkùnrin kan lábẹ́ òrùlé tí òjò ń kán, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wa ni," ó ní. "Ìyá mi ló ṣe é. Ẹ bá wa yọ máàkì náà."

Nígbà tí fóònù pa, Màmá jókòó pọ̀ọ̀ sórí àpótí.

"Kí ló dé tó o sọ?"

"Màmá, ẹ gbọ́ nígbà tí wọ́n ní nọ́ńbà kan, ìbò kan."

"Mo gbọ́. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Oníbàárà tó bá wá wọn aṣọ, mo ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Tí ò bá sí oníbàárà, mo ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo ti gbọ́ ètò yẹn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá, ọjọ́ tó o lọ bá a nílé ìwòsàn. Mi ò mọ̀ pé ohun tó ò ń ṣe nínú aṣọ wọ̀nyẹn nìyẹn. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, mo ní kí n pọ̀n ọ́."

Aránṣọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ sunkún díẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Màmá gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.

"Gbọ́ mi. Èmi tí mo bí ọ, ìfẹ́ mú mi ṣe màgòmágó. Ọkùnrin yẹn, ìfẹ́ ló mú un kọ̀ láti ṣe é. Nínú àwa méjèèjì, òun ni kó o fẹ́."

"Ẹni tí mo lé padà bí ajá?"

"Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹnu la fi ń sọ ọ́."

Ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kó lọ. Ó ń sọ pé ọ̀la, títí ọjọ́ àṣekágbá fi pé.

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Àwọn adájọ́ jókòó níwájú, ìwé ìtumọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn létí wọn. Nígbà tí ètò Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn tó gbọ́ èdè náà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà làwọn adájọ́ á wá ṣí ojú ìwé, tí àwọn náà á rẹ́rìn-ín, àwàdà náà ti tutù. Lẹ́yìn náà, ó kan ibi tí opó ti sọ̀rọ̀ nípa èjìká kóòtù. Adájọ́ àgbàlagbà kan yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ìwé sílẹ̀, ó kàn ń gbọ́. Ni ohùn kan bá bú jáde pé, "Ṣé kò sí ènìyàn nílé ni?" Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e kò dúró de ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n ka èsì, awakọ̀ kan tó ń fi èdè mìíràn gba ìtàn àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ló gba ipò kìíní. Aránṣọ gba ìkejì. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan, máàkì tí wọ́n yọ lára ìbò sì ju ìyàtọ̀ náà lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. Ó tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá Màmá.

"Màmá, àdéhùn wa ṣì wà. Mo máa di ẹrù mi."

"Ẹrù wo? Mo ti pe Àǹtí rẹ láàárọ̀ yìí pé kó wá ẹlòmíràn."

"Láàárọ̀? Ẹ ò tíì mọ èsì nígbà yẹn."

"Kí ni mo fẹ́ fi èsì ṣe?" Màmá tún ọrùn aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe é. "Ṣé èsì ló bí ọ fún mi ni? Irin ìkọ́ṣọ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Máa sọ̀rọ̀ rẹ níbẹ̀."

Aránṣọ dì mọ́ ọn. Láti orí èjìká ìyá rẹ̀ ló ti rí Ògbufọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, lára ògiri, tó ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí gbogbo ayé ti ṣíwọ́. Ó lọ bá a.

"Wọ́n ní ẹ jẹ́wọ́ nípa nọ́ńbà yẹn," Ògbufọ̀ sọ. "Akọ̀wé ló sọ fún mi. Ó dùn mí fún yín."

"Kò dùn mí. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Mo bínú sí ohun tó yẹ kí n fi yín yangàn."

"Mi ò bínú rí."

"Ẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn tán. Ó ku èmi."

Ògbufọ̀ súnmọ́ ọn. Kò sí ẹni tó dúró láàárín wọn tí yóò bu omi là á.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ kó o jẹ́ aya mi."

"Ọjọ́ tí wọ́n pe ọ̀rọ̀ mi, ṣe lẹ dìde."

"Bó bá jẹ́ ibi ìdájọ́ ni, mo tún máa dìde. Ṣùgbọ́n nílé wa, mi ò ní dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, jókòó," Aránṣọ ní, ó sì na ọwọ́ sí i. "Mo gbà."

Nígbà tí wọ́n jáde, Màmá ti jìnnà síwájú lójú ọ̀nà ilé. Obìnrin tí orúnkún ń dùn yìí ń rìn kíákíá, kò bojú wẹ̀yìn, kí àwọn méjèèjì lè ní ọ̀nà náà fún ara wọn.